Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Orúkọ: Ìdáhùn fún Oníṣẹ́ Iná Tó Rí Americium Lára Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Mo ra páálí kan ẹ̀rọ aṣọ́-èéfín tòkunbọ̀ ní Aláàbá, mo fẹ́ fi wọ́n sí àjà òtẹ́ẹ̀lì kan tí mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo dojú ọ̀kan dé, mo rí àmì ìtànṣán tó máa ń ní ewé mẹ́ta yẹn, wọ́n sì kọ “Am-241, 37 kBq” sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní americium nìyẹn, pé ẹbí kan náà ni òun àti uranium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, pé actinides ni wọ́n ń pe ẹbí náà. Ìyá rẹ̀ ti ní kí n gbé páálí náà jáde nílé. Ṣé òótọ́ lọmọ yìí sọ? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá lórí ibi tí èèyàn ń sùn? Iṣẹ́ mìíràn wo ni wọ́n tún ń fi wọ́n ṣe? Ọmọ náà tún ní kí n béèrè bóyá èèyàn lè kọ́ nípa wọn ní Nàìjíríà níbí.

Ìdáhùn:

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Americium ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹbí kan náà sì lòun àti uranium. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ẹ kà, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé e ni: 241 àti 37. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ actinide kan láìgbọ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá oògùn ni wọ́n ń sọ fún òun tàbí bọ́ǹbù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan ilé yín, kí ọkàn ìyá ọmọ lè balẹ̀.

37 kBq ni pé átọ́ọ̀mù 37,000 ń túká nínú ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó dún bí ohun ńlá létí, àmọ́ americium tó ń ṣe gbogbo ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n wá sé e mọ́ inú yàrá irin kékeré kan láàárín ẹ̀rọ náà. Alpha ni ìtànṣán tó ń ti ara rẹ̀ jáde jù. Alpha kì í rìn kọjá íńṣì méjì nínú afẹ́fẹ́. Bébà kan ṣoṣo lè dá a dúró, awọ òkú tó wà lókè ara wa náà tó o. Gamma díẹ̀ ń bá a jáde, aláìlágbára sì ni. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́ ń gba ìtànṣán láti inú ilẹ̀, láti ara bíríkì ilé rẹ̀ àti láti ojú ọ̀run, èyí tó pọ̀ ju ti àjà lọ fíìfíì.

Ibi tí alpha ti ń ṣe èèyàn ní jàǹbá ni inú ara. Bí èèyàn bá fa eruku americium símú tàbí tó gbé e mì, kò sí awọ òkú níbẹ̀ mọ́ tó máa gbà á sílẹ̀. Egungun àti ẹ̀dọ̀ ni americium máa ń lọ fìdí kalẹ̀ sí, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má tú yàrá irin yẹn, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má jù ú síná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Bí ó ti wà nínú ike rẹ̀ yẹn, ẹ lè gbé páálí náà sí igun ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ rọrùn láti yé oníṣẹ́ iná. Irin pẹlẹbẹ méjì ló dojú kọ ara wọn nínú yàrá yẹn, bátìrì sì so mọ́ wọn. Afẹ́fẹ́ kì í gbé iná, àbí? Ṣùgbọ́n alpha ń já electron, ìyẹn èérún tíńtín tó ń gbé iná, kúrò lára átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà wá di ohun tó lè gbé iná díẹ̀díẹ̀. Iná kékeré kan á máa ṣàn láti irin kan sí èkejì láìdúró. Bí èéfín bá wọlé, á lẹ̀ mọ́ àwọn átọ́ọ̀mù tí wọ́n ti já electron lára wọn yìí, á sọ wọ́n di ẹlẹ́sẹ̀ wúwo, iná tó ń ṣàn á wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì figbe ta. Ohun tí ìtànṣán ń ṣe níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú páálí yín yàtọ̀ sí èyí tó ń ba ìyá ọmọ lẹ́rù. Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n, ó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má fi í sí àjà ẹnikẹ́ni. Americium inú rẹ̀ ṣì wà digbí, nítorí ó máa tó ọdún 432 kí ìdajì rẹ̀ tó túká. Eruku, kòkòrò àti iná-ẹ̀rọ tó ti gbó ló ń pa ẹ̀rọ náà. Òtẹ́ẹ̀lì kan tó gbójú lé ẹ̀rọ tí kò ní ké lọ́jọ́ tí iná bá sọ wà nínú ewu ju èyí tí kò ní ẹ̀rọ rárá. Èyí tí ẹ kò bá lò, ẹ má kó o fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àjọ tó ń rí sí ohun tó ní ìtànṣán ní Nàìjíríà, Nigerian Nuclear Regulatory Authority, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ibùdó ìwádìí wọn kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín.

Ó wá ku ẹbí náà.

Actinides jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì 15, láti actinium tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 89 títí dé lawrencium tí tirẹ̀ jẹ́ 103. Lára pátákó ẹ́límẹ́ǹtì tó wà ní kíláàsì ọmọ yín, àwọn ni ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Glenn Seaborg, ará Amẹ́ríkà, ló dá a lábàá lọ́dún 1944 pé kí wọ́n yọ wọ́n sọ́tọ̀ síbẹ̀. Kí ó tó di ìgbà yẹn, abẹ́ tungsten ni wọ́n ń kọ uranium sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í tú ìtànṣán. Kóró inú átọ́ọ̀mù wọn ti tóbi jù; proton, èérún oníná pósítífù tó kún inú rẹ̀, ń ti ara wọn síta, kóró náà kò lè sinmi títí yóò fi ju nǹkan dànù tàbí kí ó là sí méjì.

Bí ẹ bá gbé èyí tó ṣe é gbé lára wọn lọ́wọ́, irin ni: ó ń dán bíi fàdákà, ó sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Páálí mílíìkì kékeré kan tó kún fún uranium á wúwo ju èyí tó kún fún òjé lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì dín díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tètè ń mú kí wọ́n dúdú. Bí wọ́n bá lọ̀ wọ́n kúnná, wọ́n lè gbiná fúnra wọn láìsí ẹni tó ṣáná sí wọn. Plutonium ló wá burú jù nínú ìwà: kí ó tó yọ́ ní nǹkan bí 640°C, á ti para dà sí oríṣi irin mẹ́fà, òmíràn le bí àwo tó ń fọ́, òmíràn rọ̀, òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń mú un gbóná ló ń súnkì. Bí wọ́n bá yọ́ ọ sínú omi ásíìdì, á ní àwọ̀ búlúù, tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tàbí ọsàn, ó kàn dá lórí iye electron tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì kan fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ lórí irin kan yìí, mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ní ti nọ́ńbà ẹ̀yìn orúkọ: gbogbo plutonium ló ní proton 94, òun ló sọ ọ́ di plutonium. Neutron, èérún kejì tó wà nínú kóró rẹ̀, ni iye rẹ̀ lè yàtọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn orúkọ ni àpapọ̀ proton àti neutron. Plutonium-238 ní neutron 144, plutonium-239 ní 145. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ní, kò sí oògùn inú lábú tó lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu rárá.

Plutonium-238 ń túká kíákíá. Ọdún 88 ló máa fi di ìdajì. Bó ṣe ń túká ló ń gbóná, débi pé gíráàmù kan ń mú ooru tó lé ní ìdajì wáàtì wá láìdúró, ọ̀sán àti òru. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan yí ooru yìí padà sí iná. Ọkọ̀ Voyager 1 àti 2 tí Amẹ́ríkà jù sí òfurufú lọ́dún 1977 kò tíì dákẹ́, plutonium-238 ló sì ń gbé wọn dúró níbi tí oòrùn ti di ìràwọ̀ kékeré lásán, tí pánẹ́ẹ̀lì sólà kò lè ṣe nǹkan kan. Curiosity, ọkọ̀ aláìléèyàn tó gúnlẹ̀ sórí Mars ní 2012, gbé kìlò 4.8 plutonium oxide dání. 110 wáàtì ni iná tó ń rí níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò ju búlúùbù àtijọ́ kan lọ. Oníṣẹ́ iná á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í gba epo, kì í dúró, NEPA kì í sì í mú un lọ. Láwọn ọdún 1970, wọ́n tiẹ̀ fi plutonium-238 sínú ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn èèyàn lọ́wọ́ láti máa lù. Ní Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sí aláìsàn lára, ní 1970. Àwọn aláìsàn tó gba irú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe lemọ́lemọ́ nígbà náà láti pààrọ̀ bátìrì.

Plutonium-239 ní tirẹ̀ kì í yára túká, ọdún 24,000 ni ìdajì tirẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni lílà: bí neutron kan bá kọ lù ú, á là sí méjì, á tu agbára ńlá sílẹ̀, á sì ju neutron méjì tàbí mẹ́ta jáde tí yóò lọ la àwọn mìíràn. Kìlò mẹ́fà lé díẹ̀ ló wà nínú bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nagasaki ní Japan ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1945. Òun kan náà ni Faransé dán wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Algeria, ní oṣù Kejì 1960. Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún yẹn láìka ẹ̀bẹ̀ sí, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 1961, òmìnira wa kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ.

Uranium ni ọmọ yín dárúkọ, òun náà ní ìbejì tirẹ̀. Martin Klaproth rí uranium ní Berlin lọ́dún 1789. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe jù ni láti kun gíláàsì ní àwọ̀ ewé, títí Becquerel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fi rí i ní 1896 pé ó ń tú nǹkan jáde tó ń ba fọ́tò jẹ́ nínú òkùnkùn. Uranium tí wọ́n bá wà nílẹ̀, 99.3% rẹ̀ ni uranium-238, èyí tí kì í là bọ̀rọ̀. 0.7% péré ni uranium-235, òun ni gbogbo ayé ń wá. Kìlò kan uranium-235, bí gbogbo rẹ̀ bá là tán, á mú ooru wá tó èyí tí èédú inú ilẹ̀ tó lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù ń mú wá. Kí ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ooru lílà yìí pèsè iná ìlú, lè ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn fẹ́ kí 235 náà tó 3% sí 5%. Ti bọ́ǹbù ń lọ sí nǹkan bí 90%. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé orílẹ̀-èdè kan àti èkejì ń jà lórí uranium, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún yìí ni ìjà náà dá lé. Èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 235 kúrò náà wúlò nítorí ìwúwo rẹ̀: wọ́n fi ń ṣe ọta tó ń gún ọkọ̀ ogun, wọ́n fi dé orísun ìtànṣán ní ọsibítù, wọ́n sì fi í sí ìrù bàálù Boeing 747 àkọ́kọ́ kí ó lè dọ́gba.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ uranium, ìtàn Oklo ni mo fẹ́ràn jù, Gabon níhìn-ín ló sì ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ní Pierrelatte, ní Faransé, ń wọn uranium tó ti ibi ìwakùsà Oklo wá. Uranium-235 inú rẹ̀ jẹ́ 0.717%. Níbi gbogbo láyé, àti lára òkúta tí wọ́n gbé wá láti orí òṣùpá, 0.720% ni. Ẹlòmíràn á ní kí ni ìyẹn tó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ ohun tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù kì í fojú fo irú rẹ̀: ta ló jí 235 yìí? Wọ́n wádìí títí, wọ́n sì rí i pé kò sẹ́ni tó jí i. Ilẹ̀ ló ti lò ó. Uranium-235 ń túká yára ju 238 lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ń padà sẹ́yìn nínú ìtàn ayé ni 235 ń pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, ó lé ní 3%, ìyẹn bákan náà pẹ̀lú epo ríákítọ̀ òde òní. Omi inú ilẹ̀ wọ àárín òkúta Oklo, ó dẹ ìrìn neutron, uranium bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọ̀kan ń fa èkejì. Ooru rẹ̀ á sọ omi di ooru-omi tó ń fò lọ, lílà á dúró. Òkúta á tutù, omi á padà, lílà á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ka gáàsì tó há sínú òkúta náà ṣírò rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sì sinmi fún wákàtí méjì àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ríákítọ̀ láìsí èèyàn kankan láyé. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé plutonium tó jáde níbẹ̀ kò rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bí i, èyí ló mú kí àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa sin ìdọ̀tí ríákítọ̀ sí máa kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí di òní.

Àtinú ríákítọ̀ náà ni americium yín ti wá. Nínú epo uranium tí wọ́n ti sun, plutonium-239 á gbé neutron méjì mì di 241. Plutonium-241 á túká di americium-241. Seaborg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Chicago lásìkò ogun, ní 1944, ó sì di àṣírí ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá 1945, wọ́n gbé Seaborg wá sórí ètò rédíò àwọn ọmọdé, ọmọ kan béèrè bóyá wọ́n rí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun kankan nígbà ogun, ọkùnrin náà sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé gbọ́ ṣáájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Thorium ni actinide tó ti wọ ilé àwọn òbí wa láìsí ẹni tó mọ̀. Orúkọ Thor, òrìṣà àrá àwọn ará Scandinavia, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ rántí àtùpà gáàsì tí wọ́n ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù, tí wọ́n ń gbé kọ́ sí àgọ́ ìnáwó lóru? Àwọ̀n funfun kékeré inú rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sun di eérú kí ó tó mọ́lẹ̀ yòò, thorium oxide ni 99% rẹ̀. Carl Auer von Welsbach ti Austria ló gbé e jáde. Thorium oxide kì í yọ́ títí ooru á fi lé ní 3,000°C, ìdí nìyẹn tí iná gáàsì kò fi lè rí i gbé ṣe. Àwọn tó ń ṣe àwọ̀n náà lóde òní ti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tí wọn kò tíì rọ́pò tán ni ti àwọn wẹ́dà. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń fi gáàsì argon jó irin sítéènìlẹ́ẹ̀sì, ẹ wo ọ̀pá tungsten ọwọ́ rẹ̀: èyí tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa ní thorium 2% nínú. Kì í ṣe dídì í mú ni ìṣòro. Ìgbà tó bá ń pọ́n ọn lẹ́nu lára ẹ̀rọ ìlọta ni eruku rẹ̀ ń wọ imú. Kí ó bo imú, kí ó má sì gbá eruku náà jọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Tàbí kí ó ra èyí tó ní lanthanum dípò thorium. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, imọ̀ràn yìí ló ṣeé ṣe kó wúlò jù fún ẹnì kan ní àdúgbò yín.

Thorium pọ̀ nínú ilẹ̀ ju uranium lọ. Ní Jos, níbi tí wọ́n ti wa tánńganran fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wà nínú iyanrìn wúwo tí wọ́n dà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n ń wá. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ wà ní etíkun Guarapari ní Brazil. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá sin ara wọn sínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ní ó ń wo làkúrègbé. Èmi ò ní bá wọn sùn síbẹ̀.

Èyí tó ń mú mi láyọ̀ jù lónìí ni actinium-225. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi ń di ìdajì, bó sì ṣe ń túká, alpha mẹ́rin ló ń jáde lára rẹ̀ àti lára àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó parí. Mo ti sọ pé inú ara ni alpha ti ń ṣe jàǹbá. Àwọn dókítà wá bi ara wọn pé: bí a bá lè gbé e lọ síbi tí jẹjẹrẹ wà gan-an ńkọ́? Wọ́n so ó mọ́ èròjà kan tó máa ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ prostate rí, ó gbé e débẹ̀, alpha sì ń pa sẹ́ẹ̀lì náà láìrìn jìnnà sí ibi tó wà. Heidelberg ní Jámánì ni ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 2016, Pretoria ní South Africa náà sì ti lò ó fún àwọn aláìsàn. Jẹjẹrẹ prostate ń mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé actinium-225 ṣọ̀wọ́n gan-an láyé, wọ́n ń wá ọ̀nà láti máa ṣe é púpọ̀ sí i. Ẹ má rò pé Ìbàdàn kò kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí, o: technetium tí wọ́n ń lò ní ẹ̀ka ìṣègùn ìtànṣán ní UCH láti ya àwòrán egungun àti kíndìnrín, lára ohun tí uranium-235 ń là sí nínú ríákítọ̀ ni wọ́n ti ń rí i.

Americium fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó tóbi ju ti èéfín lọ. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ beryllium, neutron ló ń tú jáde. Àwọn elépo ní Niger Delta ń sọ irú rẹ̀ kalẹ̀ sínú kànga: hydrogen inú omi àti epo ń dẹ ìrìn neutron, àwọn tó wà lókè á wá mọ̀ bóyá òkúta ìsàlẹ̀ ní ihò tó lè gba epo. Americium inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Ní oṣù Kejìlá 2002, irú orísun bẹ́ẹ̀ sọ nù ní Niger Delta; ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rí i nínú irin àlòkù ní Jámánì. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà 241 kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì ló sọ ọ́ di ohun tí ìjọba méjì ń wá kiri. Californium-252 lágbára jù ú lọ nínú iṣẹ́ yìí: ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù rẹ̀ ń ju neutron tó lé ní mílíọ̀nù méjì jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni wọ́n fi ń ṣáná sí ríákítọ̀ tuntun. Ibi méjì péré ni wọ́n ti ń ṣe é fún títà, Oak Ridge ní Amẹ́ríkà àti Dimitrovgrad ní Rọ́ṣíà. Curium-244 wà lórí Mars pẹ̀lú Curiosity, ó ń fi ìtànṣán ka ohun tó wà nínú òkúta ibẹ̀. Àwọn tó kù lẹ́yìn wọn, láti einsteinium lọ, kò ní iṣẹ́ kankan lóde. Mendelevium tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1955 jẹ́ átọ́ọ̀mù 17 lápapọ̀.

Ní ti ọmọ yín, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kọ́ ọ níbí. Physics tàbí kẹ́místrì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó má sì sá fún ìṣirò. Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ní ibùdó ìwádìí agbára, wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀ tó ń ju kóró átọ́ọ̀mù lu nǹkan láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ríákítọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Nàìjíríà wà ní Zaria, ní Ahmadu Bello University; láti 2004 ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í pèsè iná o, agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì ọgbọ̀n lé díẹ̀ lọ, ti ìwádìí ni. Wọ́n ń fi neutron rẹ̀ wádìí ohun tó wà nínú òkúta, ilẹ̀ àti oúnjẹ. Epo tó wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlò kan uranium tí 235 rẹ̀ jẹ́ 90%, ìyẹn irú èyí tí àwọn olè ayé ń wá. Ní ìparí 2018, wọ́n kó o padà sí China tí wọ́n ti rà á, wọ́n sì fi èyí tó jẹ́ 13% rọ́pò rẹ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí.